Ẹni Tí Ó Bá Fi Abẹ́rẹ́ Gún Kabúrétọ̀, Àpò Ara Rẹ̀ Ni Ó Gún

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn onímọ́tò Píjó, láti ọwọ́ mẹkáníìkì kan ní Ṣakí

Mẹkáníìkì ni mí, ìlú Ṣakí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ìró òfì àwọn ahunṣọ ti ń dáhùn ìró òòlù wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, iṣẹ́ Peugeot 504, tí gbogbo wa ń pè ní Píjó, ni mo yàn láàyò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí leni lára. Kabúrétọ̀ ni òwe yìí bá wí jùlọ nínú gbogbo ohun tí ń bẹ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí mo fi gbé kálàmù ni pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìjọba kò ní san owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, bẹntiróòlù tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà fún líta kan fò sókè kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ ti ń to ìlà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: “Ọkọ̀ mi ń mu epo jù.” Nígbà tí mo bá sì tú kabúrétọ̀ náà, ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ kì í ṣe ogbó, kì í ṣe àárẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni.

MỌ́TÒ TÍ Ó MỌ ỌNÀ WA

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mọ́tò yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé àlòkù lásán ni. Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ gbé 504 jáde. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fi í jẹ oyè Ọkọ̀ Ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìjọba wa àti Peugeot jọ fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 1972, nígbà tí ó sì di oṣù kẹta ọdún 1975, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tò ní Kàdúná jáde sí ojú títì. Ní ọdún 1983 ni Faransé dáwọ́ dúró láti máa ṣe 504 onílé, ṣùgbọ́n Kàdúná ṣì ń tò ó fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, ẹ lè rí Píjó tí ara rẹ̀ ṣì le ní Ìgbòho, ní Kìṣí, ní Tedé àti ní Òkèhò, tí ó ń kó iṣu, tí ó ń kó èlùbọ́, tí ó ń kó ènìyàn.

Kì í sì í ṣe ọkọ̀ àwọn onísùúrù nìkan. Ìdíje eré mọ́tò kan wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Safari. Eruku àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò kéré sí tiwa. Àbúrò ni 504 jẹ́ sí 404, èyí tí ó gba ipò kìíní níbẹ̀ ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní ọdún 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, fi 504 gba ipò kìíní. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún fi èyí tí ó jẹ́ onílẹ̀kùn méjì gbà á. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Píjó kò lè sáré, ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn kan nínú 504 ní pọ́ǹpù tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ní àdúgbò wa, ìbá à jẹ́ ẹ́ńjìnnì 1,796 cc tàbí 1,971 cc, kabúrétọ̀ ni ó ní. Solex, orúkọ tí àwọn ará Faransé méjì kan, Goudard àti Mennesson, sọ ọjà wọn, ni ẹ ó rí lára púpọ̀ nínú wọn.

OHUN TÍ KABÚRÉTỌ̀ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí á fi fílíìtì, ohun tí a fi ń fín ẹ̀fọn nílé láyé àtijọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá ti ọwọ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sáré kọjá lórí ẹnu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ki ẹsẹ̀ bọ inú oògùn. Eré afẹ́fẹ́ náà ni yóò fa oògùn sókè, tí yóò sì fọ́n ọn ká bí ìrì. Kabúrétọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà gba ọ̀fun kan tí ó há kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ odò Ògùn ní ìhà Ìkéré, kí wọ́n tó sé e, ẹ mọ̀ pé níbi tí òkúta bá ti fún omi mọ́ àárín ni omi ti ń sáré jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń sáré ní ọ̀fun kabúrétọ̀, tí yóò sì fa bẹntiróòlù jáde láti inú àmù kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nínú àmù yẹn ni fúlóòtì wà, tí ń léfòó lórí epo. Bí epo bá kún dé ìwọ̀n, fúlóòtì a gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ẹnu ọ̀nà. Bí epo bá lọ sílẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà a ṣí. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ara rẹ̀ ni, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwọ̀n wo wá ni ó tọ́? Bí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, epo kan sí afẹ́fẹ́ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iná fi ń jó tán láìku ẹnìkan. Bí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ sí i, bíi kan sí méjìlá ààbọ̀ tàbí mẹ́tàlá. Bí ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́, ó lè fara mọ́ ọn kí epo dín díẹ̀. Àwọn tí ń pín epo náà fún un ni àwọn jẹ́ẹ̀tì, àwọn idẹ kéékèèké tí ihò wà láàárín wọn. Ti síló wà, fún ìgbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ẹ̀tì ńlá wà, fún ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ti afẹ́fẹ́ náà wà, tí ń dín epo kù nígbà tí eré bá pọ̀ jù. Pọ́ǹpù kékeré kan sì wà tí ń tu epo díẹ̀ síwájú nígbà tí ẹ bá ṣàdédé tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

BÀBÁ TÍ ỌKỌ̀ RẸ̀ DI Ọ̀MÙTÍ

Ní ìparí ọdún 2023, bàbá kan gbé Píjó píkọ́ọ̀pù wá bá mi. Iṣu àti èlùbọ́ ni ó ń kó láti Ṣakí lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí fìlà, ó ní:

“Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ti di ọ̀mùtí. Ohun tí mo ń rí lórí ẹrù, ilé epo ni mo ń gbé e fún. Àwọn ọmọ ní kí n tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ.”

Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ta ni ó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?”

Ó ní ọmọkùnrin kan ní ọ̀nà ni. Ọkọ̀ kò fẹ́ gun òkè, ọmọ náà sì sọ fún un pé ihò jẹ́ẹ̀tì ti kéré jù, kí ó jẹ́ kí òun là á. Ó fi abẹ́rẹ́ ńlá àti wáyà là á. Lóòótọ́, ọkọ̀ gun òkè lọ́jọ́ náà, bàbá sì dúpẹ́.

Mo tú jẹ́ẹ̀tì ńlá náà. Nọ́ńbà 130 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára láti ilé-iṣẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo ní àwọn irin tín-ín-rín tí mo fi ń wọn ihò. Èyí tí ó jẹ́ mìlímítà kan ààbọ̀ wọlé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Jẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ó jẹ́ 130 ti di 150.

Bàbá ní, “Ṣé nítorí ìyẹn náà ni? Kò ju bí irun orí lọ.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ̀nà òdì nìyí. Ihò tí ó rí róbótó, bí fífẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ààyè tí epo ń gbà kọjá a pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ fi fífẹ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. 1.3 lọ́nà 1.3 jẹ́ 1.69. 1.5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 2.25. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn: ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó fi lé. Ìyẹn ni pé níbi tí ọkọ̀ ti ń mu líta mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó lè máa mu mẹ́rin.

Mo fi jẹ́ẹ̀tì 130 tuntun sí i, mo sì wá ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà gun òkè láti ìbẹ̀rẹ̀. Fílítà epo ni ó dí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá lọ sí Bódìjà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀: “Ọ̀gá, mo dé Ìbàdàn, epo ṣì wà nínú táńkì!” Líta 34 ni ó ń jó ní àlọ nìkan tẹ́lẹ̀. Ó ti di 26.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Líta mẹ́jọ ni ó dín kù ní àlọ, mẹ́jọ ní àbọ̀. Nígbà náà, líta kan ti lé ní 600 náírà. Ẹ jẹ́ kí á fi sí 600 géérégé. Ìrìn àjò kan lálọ-lábọ̀ jẹ́ 9,600 náírà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jẹ́ 19,200. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ 76,800 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ nígbà náà sì jẹ́ 30,000 náírà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì ààbọ̀ ni ń jó gba inú ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ! Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí èlùbọ́ fi wọ́n, ẹ fi èyí kún ìdí náà.

Owó nìkan kọ́ ni ìpalára náà. Epo tí kò jó tán a máa fọ òróró kúrò lára ògiri sísíndà, a sì máa ṣàn lọ bá òróró ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, tí yóò sọ ọ́ di omi ṣàkà. Irin a wá máa ha irin. Ẹ́ńjìnnì tí ìbá lo ọ̀pọ̀ ọdún a kú láìtọ́jọ́.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ Ó FẸ́ SÁRÉ

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe epo ni ìṣòro tiwọn. Ọmọkùnrin kan jogún 504 baba rẹ̀, funfun báláú, ó sì fẹ́ kí ó máa sáré bí èyí tí wọ́n fi gba Safari. Ó gbé kabúrétọ̀ ńlá onílé méjì kan wá, tí ó rà ní ọjà àlòkù, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi dè é mọ́ ọn.”

Mo ní, “Àbúrò, bí o bá gbé bàtà bàbá wọ ọmọdé, ṣé yóò sáré ni àbí yóò ṣubú?” Ọ̀fun kabúrétọ̀ tí ó bá fẹ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì kan, afẹ́fẹ́ kì í sáré nínú rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì sáré, kò lè fa epo dáadáa. Ọkọ̀ náà lè lọ kánkán nígbà tí ó bá ti gbóná lórí eré, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ òkè, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin nínú rẹ̀, yóò máa wúkọ́, yóò máa kú.

Ohun tí a ṣe fún un nìyí, mo sì gba gbogbo olùfẹ́ Píjó àtijọ́ níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ronú ohun mìíràn. Ìkínní, irin tí ń yí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ní ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ ti jẹ, nítorí eruku ọ̀pọ̀ ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ń jí gbà níbẹ̀ wọlé. Mo gbé e lọ bá àwọn tọ́nà, wọ́n gbẹ́ ihò náà, wọ́n sì fi idẹ tuntun tẹ́ ẹ. Ìkejì, a yẹ gáàsíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kabúrétọ̀ wò. Ó ti yọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó ń dí i. A gé òmíràn tí ó bá ẹnu ihò mu. Ìkẹta, a gé pẹrẹsẹ irin kan sí àárín kabúrétọ̀ àti ọ̀pá èéfín, kí ooru má bàa hó epo. Ìkẹrin ni a tó wá dé ọ̀dọ̀ jẹ́ẹ̀tì.

Òfin mi lórí jẹ́ẹ̀tì ni pé ẹyọ ìwọ̀n kan ni kí ẹ gùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì sọ̀rọ̀. Láti 130 sí 135, epo fi bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ìyẹn ti tó láti mọ ìyàtọ̀. A lọ sí ọ̀nà tí kò sí ènìyàn ní kùtùkùtù, ọmọkùnrin náà tẹ iná mọ́ ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́, lẹ́yìn náà ó tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ó sì pa iná ẹ́ńjìnnì lójú kan náà, ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra dúró. (Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ o, kí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ má bàa há!) A tú púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, epo kéré jù, ooru sì fẹ́ jó fáàfù àti písítìnnì. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú bí awọ obì gbígbẹ, ó ti dára. Ti ọmọkùnrin náà pọ́n rúsúrúsú lórí 135. Níbẹ̀ ni mo dá a dúró. Ó sọ pé òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ baba òun lè fò báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni baba rẹ̀ ṣe ń gùn ún kí ìwọ tó dáyé.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé gíga ilẹ̀ wa kò ní pa á lára? Lóòótọ́, bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ tó, tí epo yóò sì dàbí ẹni pé ó pọ̀ jù. Ní Jos, tí ó ga tó bí 1,200 mítà sí òkun, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ ronú sí i. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ga ju Èkó lọ, ṣùgbọ́n kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá tiwa ni eruku àti oòrùn.

BÍ A TI Ń TO KABÚRÉTỌ̀

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí mo ti ń ṣe é, kí ẹ lè mọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ń fi ọkọ̀ yín kọ́ṣẹ́.

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ púlọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì, ìwọ̀n fáàfù, fílítà afẹ́fẹ́ àti fílítà epo wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan kabúrétọ̀, ọ̀rọ̀ iná ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú u lórí aṣọ funfun, kí ohun kékeré má bàa sọnù. Ẹ fi bẹntiróòlù mímọ́ fọ̀ ọ́, ní gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fọn ihò gbogbo. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ki wáyà irin bọ jẹ́ẹ̀tì láéláé: idẹ rọ̀, irin le, ihò yóò sì fẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ mi fúlóòtì létí. Bí ó bá jẹ́ ti idẹ, tí epo sì ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná, ibi tí ó bá ti ń yọ èéhó ni ó ti jò. Fúlóòtì tí ó wúwo kì í lè dí ọ̀nà epo, epo a sì máa kún àkúnya.

Bí ẹ bá ti dè é padà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Sikurú méjì ni ẹ ó lò: ti síló àti ti epo. Ẹ rọra yí ti epo wọlé títí yóò fi kan ilẹ̀, ẹ má ṣe fún un mọ́lẹ̀, kí ẹ tó yí i padà síta bí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀. Ẹ sítáàtì. Ẹ fi sikurú síló gbé ẹ́ńjìnnì sí bí ìyípo 900 ní ìṣẹ́jú kan. Nísinsìnyí, ẹ máa yí sikurú epo wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì bí ẹni tí ebi ń pa. Ẹ yí i síta títí ohùn rẹ̀ yóò fi tún ṣe déédéé tí yóò sì yá. Bí ẹ bá ń yí i síta sí i tí ohùn rẹ̀ wá wúwo, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ẹ padà sí ibi tí ó ti dùn jù, kí ẹ sì dín síló kù. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Etí ni ẹ fi ń ṣe é bí ẹni tí ń wọ awọ dùndún.

Bí síló bá ń lọ sókè sódò tí kò gbọ́ tìyànjú, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Sikurú kò lè wo àìsàn náà.

EPO BURÚKÚ ÀTI OORU

Kabúrétọ̀ tí ó dára kò lè sọ epo burúkú di rere. Ààlà wa pẹ̀lú ilẹ̀ Benin kò jìnnà, ọ̀pọ̀ yín sì mọ epo inú ìgò àti inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí àwọn ará ọ̀hún ń pè ní kpayo. Omi, eruku àti kẹrosíìnì a máa wà nínú irú epo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé epo pàápàá kò bọ́: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè wa láti òkè òkun ní ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú kọjá ìwọ̀n, ọkọ̀ púpọ̀ sì bàjẹ́. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ a máa jẹ rọ́bà, a sì máa fa omi mọ́ra. Nítorí náà, ẹ fi fílítà tí ẹ lè rí inú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà epo. Bí ẹ bá rí omi tí ó dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti mọ ọ̀tá yín.

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn bá ń ta bí iná, ọkọ̀ a máa kú lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ bá dúró díẹ̀. Epo ti hó nínú páìpù, ooru ni pọ́ǹpù ń fà. Ẹ gbé páìpù epo jìnnà sí ọ̀pá èéfín. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ tútù lé pọ́ǹpù, kí ẹ sì mú sùúrù.

IKÚ TÍ Ń BẸ NÍ ẸNU KABÚRÉTỌ̀

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni ó ká mi lára jù. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò sítáàtì, àṣà kan wà tí àwọn ọmọ wa ń dá: wọn a ṣí fílítà afẹ́fẹ́, ẹnìkan a máa da bẹntiróòlù láti inú ìgò sí ẹnu kabúrétọ̀, ẹnìkejì a máa sítáàtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá sín lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n iná a yọ jáde. Ìgò wà lọ́wọ́, epo wà nínú ìgò. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú àti apá rẹ̀ jóná báyìí lẹ́bàá ọ̀nà. Ó yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń di sípánà mú kò ká mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù Píjó ni ó ní ọwọ́ kékeré lábẹ́ tí ẹ lè fi tì í títí epo yóò fi dé kabúrétọ̀. Bí kò bá sí, ẹ kán epo díẹ̀ sí i, ẹ gbé ìgò jìnnà, ẹ dé fílítà padà, kí ẹ tó sítáàtì. Kí garawa iyanrìn àti ohun ìpaná wà nítòsí. Ẹ má da omi sí iná bẹntiróòlù, ńṣe ni yóò tàn án ká. Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù tí ó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin.

Ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ pọ̀ jù. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń pín epo nínú ọkọ̀ tuntun, àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ sì ń sọ pé kí ni àwọn fẹ́ fi kabúrétọ̀ ṣe. Mo ń sọ fún wọn pé níwọ̀n ìgbà tí Píjó bá ṣì ń gbé iṣu jáde láti oko Òkè-Ògùn, tí ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣì wà nílé, iṣẹ́ kabúrétọ̀ kò tíì kú. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò jẹun níbẹ̀. Ẹ̀yin onímọ́tò, nígbà tí mẹkáníìkì bá tú jẹ́ẹ̀tì yín, ẹ wo ohun tí ó mú lọ́wọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ni, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ sì máa lọ.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lọ, ṣọ́ wa bọ̀.